Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀rọ tí a ń bà jẹ́ láì san kọ́bọ̀, tí a sì ń ti ibẹ̀ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ilé iṣẹ́ ló kún Ọ̀tà àti Ṣàngó, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tó máa jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń mówó wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n gbé àfarawé ẹ̀rọ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní simulation, sójú kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ̀ ẹ́, kó máa yí i, kó sì bà á jẹ́ bó ṣe wù ú. Kà á lọ, kí o wo iye tí o ti mọ̀ níbẹ̀.

LÁTI ṢÀNGÓ DÉ ÀGBÁRÁ

1. Ṣé o mọ̀ pé ìlú Àwórì tó ní Ọlọ́tà tirẹ̀ ni Ọ̀tà kí ilé iṣẹ́ kankan tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀? Lónìí òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ tò lọ bẹẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ó tò dé ọ̀nà Ìdíìrókò. Àgbárá pẹ̀lú gbogbo ilé iṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà.

2. Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀tà ni Honda kọ́ ilé iṣẹ́ tó ti ń to ọ̀kadà sí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Accord níbẹ̀ ní 2015?

3. Ṣé o mọ̀ pé ní ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọtí sínú ìgò tàbí tó ń di ọṣẹ sínú páálí, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ní kíbọ́ọ̀dù ló ń sọ fún bẹ́líìtì ìgbà tó máa rìn àti ìgbà tó máa dúró? PLC ni wọ́n ń pè é. Inú àpótí irin ló máa ń wà, iná wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló sì máa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni.

4. Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1968 ni Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí PLC? Modicon 084 ni wọ́n pe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, nítorí pé òun ni iṣẹ́ 84 tí ilé iṣẹ́ wọn dáwọ́ lé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un jọ àwòrán wáyà tí àwọn oníná ilé iṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà tún lọ jókòó sí kíláàsì nítorí rẹ̀.

5. Ṣé o mọ̀ pé yunifásítì méjì tó ń kọ́ni nímọ̀ ẹ̀rọ ló wà nínú Ọ̀tà? Covenant bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, ní Canaanland lọ́nà Ìdíìrókò. Bells dé ní 2005. Ní 2019, Covenant wọ ẹgbẹ́ àwọn ibùdó ìmọ̀ tó dáńtọ́ ní Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé ń ràn lọ́wọ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ mú un.

6. Ṣé o mọ̀ pé láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ti dá ètò SIWES sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ lo àkókò ní ilé iṣẹ́ kó tó jáde? Èrò náà dára púpọ̀. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé ibẹ̀ láì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan rí, ìran ló máa wò jù. Wọ́n á ní kó dúró sẹ́yìn, kó máa wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń ṣe é.

7. Ṣé o mọ̀ pé Nestlé dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní Àgbárá ní 2011? Oṣù 18 ni ẹ̀kọ́ náà, ìwé ẹ̀rí City & Guilds ti London ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá ráyè wọ ibẹ̀ ti rí ẹ̀rọ gidi fọwọ́ kàn. Àwọn tí kò ráyè wọlé pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

8. Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kọ́ wa láti máa fi ohun tí kò lówó lórí kọ́ iṣẹ́ olówó ńlá? Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbé léèsì oníbàárà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Béébà sìmẹ́ǹtì ló máa kọ́kọ́ fún un gé, títí sísọ́ọ̀sì á fi gbọ́ràn sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ béébà yẹn ni àfarawé orí kọ̀ǹpútà ń ṣe.

IBI TÓ TI ṢẸ̀ WÁ

9. Ṣé o mọ̀ pé láti ara dùùrù ni àfarawé ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ lókìkí ti wá? Bàbá Edwin Link ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píánò àti dùùrù ní Binghamton ní Amẹ́ríkà. Edwin mú ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù, ó fi gbé àpótí kékeré kan tó dà bí ọkọ̀ òfuurufú ró. Bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ bá ti fa ọ̀pá ìdarí, àpótí náà á tẹ̀, á yí, á gbé imú sókè. Ọdún 1929 nìyẹn, awakọ̀ náà kò sì kúrò nílẹ̀.

10. Ṣé o mọ̀ pé ibi ìṣeré ni Link kọ́kọ́ ń tà á fún? Àwọn ológun kò kà á sí. Ní 1934 ni wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lé ológun òfuurufú Amẹ́ríkà lọ́wọ́, òjò àti ìkúukùu sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa awakọ̀ wọn léraléra. Ìgbà náà ni wọ́n sáré ra mẹ́fà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, awakọ̀ tó ti inú àpótí yẹn kọ́ṣẹ́ ti lé ní 500,000.

11. Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn yunifásítì wa, páálí pélébé ni wọ́n ń lu ihò sí? Wọ́n á kó páálí náà fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa lọ. Ó lè di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbọ́ pé àmì kan ṣoṣo ló sọnù. Kí èsì tó dé, ohun tí èèyàn ń rò nígbà tó ń lu ihò náà ti fò lọ.

12. Ṣé o mọ̀ pé ní 1960, Donald Bitzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois gbé PLATO dìde, kọ̀ǹpútà tó ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, tó sì ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀? Nítorí PLATO yìí kan náà ni wọ́n ṣe ojú ẹ̀rọ plásímà ní 1964, èyí tó wá di tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ nílé àwọn èèyàn lẹ́yìn ọdún pípẹ́.

13. Ṣé o mọ̀ pé eré káàdì Solitaire tó wọ inú Windows ní 1990 kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí a ṣe ń fi máòsì di nǹkan mú, tí a sì ń wọ́ ọ lọ síbòmíràn? Kò sí tíṣà, kò sì sí ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ẹ̀rù máòsì ń bà ṣeré náà títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn.

14. Ṣé o mọ̀ pé Mavis Beacon kì í ṣe èèyàn? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú wa tí wọn kò ti fi sọ́fíwíà rẹ̀ kọ́ni ní títẹ̀wé. 1987 ni wọ́n gbé e jáde. Obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lójú páálí sọ́fíwíà náà, Renée L'Espérance, ọmọ Haiti ni. Wọ́n kàn ya àwòrán rẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kí sọ́fíwíà náà wúlò ni pé ó ń wo ìka rẹ, ó ń mọ lẹ́tà tí o ń ṣì tẹ̀, ó sì ń gbé e padà wá bá ọ.

15. Ṣé o mọ̀ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lèèyàn lè fi ṣe ìdánwò JAMB láì fọwọ́ kan máòsì? A, B, C àti D ni fún ìdáhùn. N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ tí o bá parí, R láti padà. Ní 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 2015, gbogbo rẹ̀ ti wọ orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ti fi ìdánwò àfidánrawò kọ́ bọ́tìnnì mẹ́jọ yìí kò ní máa wá N kiri nígbà tí aago bá ń lọ.

RÁÚTÀ TÍ KÒ NÍ IRIN LÁRA

16. Ṣé o mọ̀ pé láti 1997 ni Cisco ti ń kọ́ni bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, nípasẹ̀ Networking Academy rẹ̀? Nígbà tó fi di 2022, wọ́n ní àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ 17.5 mílíọ̀nù káàkiri ayé.

17. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni Packet Tracer, àfarawé tí wọ́n ń lò níbẹ̀? Ráútà, súwíìṣì àti wáyà ló wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Wàá fi máòsì wọ́ èyí tó wù ọ́ sókè, wàá so ó pọ̀, wàá sì tẹ àṣẹ sí i bí ẹni pé o wà níwájú ẹ̀rọ gidi. Ẹni tí kò lówó ráútà kan lè to ogún kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

18. Ṣé o mọ̀ pé tí o bá fẹ́ ki káàdì tuntun bọ inú ráútà Packet Tracer nígbà tí iná rẹ̀ ń tàn, kò ní gbà fún ọ? Yóò kọ ọ́ sójú rẹ pé iná ṣì wà lára ẹ̀rọ náà. Àfi kí o lọ tẹ bọ́tìnnì iná tó wà lára àwòrán ráútà náà, kó kú pátápátá, kí o wọ́ káàdì sínú ihò rẹ̀, kí o tó tún un tàn. Kò sí ohun tó máa jóná lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ìwà tí ọwọ́ bá kọ́ nínú eré ló máa mú dé ibi iṣẹ́.

19. Ṣé o mọ̀ pé tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so kọ̀ǹpútà mọ́ súwíìṣì níbẹ̀, àmì orí wáyà máa pọ́n bí ọsàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó di àwọ̀ ewé? Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà rẹ ń lọ́ra. Súwíìṣì gidi máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹ́tí sílẹ̀, á fi 15 mìíràn mọ àwọn tó wà láyìíká, kó má baà sí ọ̀nà méjì tí ìsọfúnni á máa yí po nínú wọn láì dúró. Ẹni tó mọ èyí kò ní máa yọ wáyà kó tún máa kì í bọ ọ́ nítorí àìnísùúrù.

20. Ṣé o mọ̀ pé ping, ìyẹn ìpè kékeré tí ẹ̀rọ kan fi ń wò bóyá èkejì máa dáhùn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti orí ráútà Cisco sábà máa ń kùnà, tí kò sì sí ohun tó bàjẹ́? Márùn-ún ni ráútà máa ń rán. Ohun tí o máa rí ni àmì dọ́ọ̀tì kan, kí àmì ìyanu mẹ́rin tó tẹ̀ lé e: .!!!!, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ pé 4 nínú 5 ló dé, ìyẹn 80 nínú 100. Ráútà mọ nọ́ńbà ẹni tó ń wá, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ẹ̀rọ tó ni nọ́ńbà náà. Bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí ni àkókò ti èkíní ń kọjá. Tún un rán, márààrún á dé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ìwé nìkan kọ́ṣẹ́ ló ti tú gbogbo nǹkan palẹ̀ nítorí dọ́ọ̀tì kan yẹn.

21. Ṣé o mọ̀ pé o lè dá àkókò dúró níbẹ̀? Bọ́tìnnì kan wà tí o máa tẹ̀, tí ìsọfúnni tó ń sáré nínú wáyà á di àpò lẹ́tà kékeré aláwọ̀ mèremère. Wàá máa tì í lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti kọ̀ǹpútà sí súwíìṣì, láti súwíìṣì sí ráútà. Níbi tó bá ti há, àmì pupa á jáde lórí àpò náà. Tẹ̀ ẹ́, yóò sọ ìdí fún ọ. Ojú lásán kò lè rí èyí lára wáyà gidi.

22. Ṣé o mọ̀ pé Packet Tracer lè kọ́ ọ ní ọgbọ́n NEPA? Gbogbo ohun tí o bá tẹ̀ sínú ráútà, orí ìrántí tó ń pòórá tí iná bá lọ ló wà, àyàfi tí o bá pàṣẹ pé kó tọ́jú rẹ̀. Pa iná ráútà náà kí o tó tọ́jú iṣẹ́ rẹ, kí o tún un tàn. Yóò bi ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ wákàtí méjì ṣòfò báyìí kì í gbàgbé àṣẹ yẹn mọ́.

23. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tí tíṣà bá fi ránṣẹ́ níbẹ̀ lè máa gba máàkì fúnra rẹ̀? Bí o ṣe ń so nǹkan pọ̀ ni iye nínú 100 ń gòkè. Tíṣà kan lè máa tọ́jú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà níbi ọgọ́rùn-ún, òun á sì wá ráyè jókòó ti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kúrò lójú kan.

ILÉ IṢẸ́ LÓRÍ TÁBÌLÌ

24. Ṣé o mọ̀ pé o kò nílò PLC kí o tó kọ́ PLC? CODESYS, tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ fún oríṣiríṣi irú rẹ̀, ní àfarawé nínú, ọ̀fẹ́ ni láti wà jáde. OpenPLC náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

25. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ lè gba ọwọ́ èèyàn sílẹ̀? Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, pupa kan, ẹ́ńjìnnì oníná kan. Tẹ ewé, ẹ́ńjìnnì á yí. Gbọ́wọ́ kúrò, kò gbọdọ̀ dúró. Kí ló ń dì í mú? Ojú wáyà kejì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń dì í pa nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ pupa, gbogbo rẹ̀ á já.

Wàyí o, mú iná lọ. Ojú wáyà kejì ṣí. Mú iná dé. Ẹ́ńjìnnì kò yí! Àfi kí ẹnì kan tún tẹ ewé. Fojú inú wo òṣìṣẹ́ tó ki ọwọ́ sábẹ́ bẹ́líìtì láti yọ páálí tó há, nígbà tí NEPA mú iná lọ. Bí iná bá dé lójijì, ọwọ́ rẹ̀ wà láìléwu. Ṣùgbọ́n tí o bá ti fi àṣẹ tó ń rántí ipò rẹ̀ kọ ọ́, ẹ́ńjìnnì lè gbéra fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣe ń wọlé. Lórí àfarawé, o lè dán méjèèjì wò léraléra, kí o fojú rí ìyàtọ̀ wọn. Ní ilé iṣẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú rí èkejì láé.

26. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà fi ń gbẹ́ igi tàbí irin máa ń gba àṣẹ tó kúrú bí orúkọ ìnagijẹ? G00: sáré lọ síbẹ̀ láì gé. G01: gé lọ tààrà. G02: gé yípo bí ọwọ́ aago. M30: ó parí. Tí o bá fẹ́ kí ẹnu irin wọlé ní mìlímítà 5, tí o wá kọ 50, àfarawé á ya ìlà tó gba inú tábìlì já fún ọ. Ẹ̀rọ gidi kò ní ya ìlà, ẹnu irin ló máa ṣẹ́.

ẸRÍ WO LÓ WÀ?

27. Ṣé o mọ̀ pé Carl Wieman gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, nígbà tó sì di 2002 ó dá PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, kí àfarawé sáyẹ́ǹsì lè wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọdé? PhET ń ṣiṣẹ́ lórí búráúsà fóònù. O sì lè wà á jáde kí o máa lò ó láì sí dátà.

28. Ṣé o mọ̀ pé ní 2005 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí PhET pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì? Àwọn kan kọ́ nípa iná pẹ̀lú wáyà, bátìrì àti gílóòbù gidi. Àwọn yòókù lo ti orí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí gbogbo wọn wá so iná gidi. Àwọn tó ti orí kọ̀ǹpútà kọ́ ọ ló ṣe é dáadáa jù, àwọn náà ló sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń rí bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà. Lọ́wọ́ àwọn tó lo wáyà gidi, wáyà lásán ni wọ́n rí.

29. Ṣé o mọ̀ pé fídíò wíwò kò tó? Ní 2015, Ken Koedinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon yẹ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wò. Wọ́n rí i pé àǹfààní ṣíṣe iṣẹ́ ìdánrawò tó ìlọ́po mẹ́fà àǹfààní wíwo fídíò tàbí kíka ìwé. Ẹni tó ń fi dátà wo fídíò mẹ́wàá tẹ̀léra láì tẹ bọ́tìnnì kankan, dátà rẹ̀ ló ń ná, iṣẹ́ kọ́ ló ń kọ́.

30. Ṣé o mọ̀ pé láti ibi tó jìnnà, akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ gidi? Ní 1998 Jesús del Alamo ní MIT so ẹ̀rọ tó ń wọn transístọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láti yàrá rẹ̀. Ní 2005, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú Makerere ní Uganda àti Yunifásítì Dar es Salaam ní Tanzania, owó sì ti ọ̀dọ̀ Carnegie Corporation wá. Ifẹ̀ kò sì kàn jókòó ti ohun tí MIT ṣe, wọ́n kọ́ tiwọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dán op-amp, ẹ̀yà kékeré tó ń mú àmì iná lágbára, wò láti orí kọ̀ǹpútà.

31. Ṣé o mọ̀ ohun tó jẹ́ kí irú yàrá ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà tìkọ̀ mu? Wàá kọ gbogbo ohun tí o fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe tán, wàá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á ṣe é lọ́hùn-ún, á sì dá èsì padà. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín, iṣẹ́ kò já.

32. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì yára níbí? Fúnkẹ́ Ọpẹ́kẹ́, tó kàwé ní Ifẹ̀, ló dá MainOne sílẹ̀. Wáyà ilé iṣẹ́ náà tó gba ìsàlẹ̀ òkun láti Portugal wọ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010.

33. Ṣé o mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láì gbàṣẹ, ì báà ṣe pé ó kàn ń kọ́ṣẹ́ ààbò? Àmọ́ irú ibi bíi TryHackMe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ń gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe ní aláìlera kalẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ lo ti lè já ìlẹ̀kùn tó wù ọ́ láì sí pé ọlọ́pàá ń wá ọ.

34. Ṣé o mọ̀ pé ní 2011, Fabrice Bellard mú Linux odidi ṣiṣẹ́ nínú búráúsà? Kò sí ohun tí a fẹ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa gbogbo fáìlì rẹ́ pátápátá, kó kàn tún ojú ìwé náà ṣí, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò.

35. Ṣé o mọ̀ pé ibi ọ̀fẹ́ lè ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan? Katacoda, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́ Linux àti iṣẹ́ sávà lórí búráúsà, kógbá wọlé fún gbogbo ènìyàn ní 2022. Èyí tó bá ṣeé wà jáde, tètè wà á jáde.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

36. Ṣé o mọ̀ pé bọ́tìnnì kan wà lórí Packet Tracer tó ń yan wáyà fún ọ? Ó rọrùn, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Wáyà gidi ní okùn mẹ́jọ nínú, tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ tò: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Wàá nà wọ́n, wàá gé orí wọn dọ́gba, wàá kì wọ́n bọnu ike, wàá fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ró. Tí okùn kan bá kúrú, gbogbo rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́. Kò sí àfarawé tó lè kọ́ ìka ní èyí.

37. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo àṣẹ ráútà gidi kọ́ ni Packet Tracer gbọ́? Apá kan péré ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti dé ibi tí àṣẹ kò wọlé mọ́ máa ń kọjá sórí GNS3, níbi tí sọ́fíwíà ráútà gidi fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.

38. Ṣé o mọ̀ pé eruku, ooru àti òórùn wáyà tó ń jó kò sí lójú kọ̀ǹpútà? Oníná tó dàgbà nínú iṣẹ́ máa ń mọ̀ láti ìró ẹ́ńjìnnì pé bíárìn ti ń jẹ. Ìmọ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá nìkan la ti ń rí i.

39. Ṣé o mọ̀ pé ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí náà kì í ṣe yan-A-tàbí-B nìkan mọ́? Ìdánwò CCNA ti Cisco lè gbé ráútà àfarawé kalẹ̀ fún ọ kí o tún un ṣe. Ti Red Hat fún àwọn alábòójútó Linux kò ní ìbéèrè yíyàn rárá, iṣẹ́ ni wọ́n máa ní kí o ṣe lórí kọ̀ǹpútà láàárín àkókò tí wọ́n dá.

40. Ṣé o mọ ibi tí o ti lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la? Lórí fóònù, ṣí PhET, so bátìrì mọ́ gílóòbù. Ki owó ẹyọ sáàárín wáyà, kí o wò ó bóyá iná á tàn; yọ ọ́, kí o ki ìrésà sí i. Lẹ́yìn náà, so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀ tààrà, yóò gbiná lójú fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, to kọ̀ǹpútà méjì àti ráútà kan sórí Packet Tracer, fi ping láti orí ráútà náà wá dọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, kí o ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn láì wo ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ àṣẹ bọ́tìnnì ewé àti pupa sórí CODESYS, kí o pa iná mọ́ ọn lójú. Nígbà náà, gbé kọ̀ǹpútà rẹ lọ bá oníná ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò, kí i dáadáa, fi ohun tí o kọ hàn án, kí o bi í pé: "Ọ̀gá, tí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tiyín ni, kí lẹ máa yí padà níbẹ̀?" Ohun tó bá tọ́ka sí ni ẹ̀kọ́ rẹ tó kàn.